Ọ̀gbun Mẹ́ta Odò Ọ̀wárá

Ẹ pa ẹnu dé, ẹ la etí sílẹ̀. Ẹni tí ikọ́ bá ń yọ lẹ́nu, kí ó wú u tán nísinsìnyí, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, bí a bá dá a dúró láàárín, ẹ̀rù ń bà mí pé n kò ní lè gbé e mọ́. Èmi Ọdẹ́jídé ni. Èmi ni ẹfọ̀n máa ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dágbére fún ọmọ. Èmi ni mo pa ẹkùn mọ́ ẹnu ihò rẹ̀, tí mo sì fi ìrù rẹ̀ lé eṣinṣin lójú ara mi títí mo fi délé. Ẹ̀yin ti gbọ́ gbogbo èyí rí. Ṣùgbọ́n ọdẹ tí ó bá ń ka kìkì ẹran tí ó pa, tí kò ka èyí tí ì bá fi sílẹ̀, ìdajì ìtàn ló ń sọ. Ìdajì yẹn ni ẹ ti ń gbọ́ lẹ́nu mi láti ọjọ́ yìí wá. Lónìí ẹ ó gbọ́ èyí tó kù.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ kò mọ ohun tí à ń pè ní òkè. Ní Ìsàndà tiwa, òkè ni ògiri wa, òkè ni agogo wa, nítorí òjìji wọn ni a fi ń mọ ìgbà. Bí ènìyàn bá dúró ní ojúde ọba, òkè mẹ́tàdínlógún ni yóò kà kí ọrùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Láàárín àwọn òkè wọ̀nyí ni odò Ọ̀wárá ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá. Ọ̀gbun mẹ́ta ni ó gbẹ́ sínú àpáta kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa: èkíní pupa bí osùn, èkejì ní ìlà-ìlà bí aṣọ òfì, ẹ̀kẹta dúdú bí aró. Kò sí odò mìíràn nílùú wa, kànga kan ṣoṣo ló wà, ó sì wà ní ẹ̀yìn Òkè-Ọ̀dán, ìrìn ìdajì ọjọ́. Ọ̀wárá ni a ń mu, òun ni a fi ń wẹ ọmọ tuntun, òun náà ni a fi ń wẹ òkú.

Ní ọdún tí mo ń wí yìí, nígbà tí ọyẹ́ ń mú tí ètè gbogbo ènìyàn ń là, a jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a kò gbọ́ ìró odò. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìró tí ènìyàn ti ń gbọ́ láti inú ìyá rẹ̀, bí ó bá dákẹ́, etí a máa dun ni. A sáré dé bèbè. Odò kò sí. Kì í ṣe pé ó fà, kò sí rárá. Òkúta funfun ló kù, àti ẹja tí ń ya ẹnu. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹsàn-án, ọmọ ọwọ́ mẹ́ta ti kú ní àdúgbò wa nìkan. Àwẹ̀ró ìyàwó mi ń tọ́mọ nígbà náà, ọmọkùnrin oṣù mẹ́ta tí à ń pè ní Àkànmú. Ọmú gbẹ láyà rẹ̀. Ọmọ á fà á, á fà á, á wá fi í sílẹ̀, á sì máa wo ojú ìyá rẹ̀ láìsunkún. Ọmọ tí ń ké, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Èyí tó bá dákẹ́ ni kí ẹ bẹ̀rù.

Ọba pe àwa ọdẹ jọ. Kábíyèsí kò fa ọ̀rọ̀ gùn. Ó ní, “Omi wa ti di àwátì. Ta ni yóò tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ?” Gbogbo ọdẹ tẹjú mọ́lẹ̀ bí ẹni tí ń wá abẹ́rẹ́. Mo dìde, mo gbọn ẹ̀wù ọdẹ mi, mo ní, “Kábíyèsí, bí odò bá wọ ihò bí òkété, n ó fi èéfín mú un jáde.” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà náà ni Láṣebìkan dìde. Láṣebìkan ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Aya tí ó fẹ́ kú sórí ìkúnlẹ̀, kò sì wá òmíràn mọ́. Ó ní, “Ọdẹ́jídé mọ bí a ti ń yìnbọn, kò mọ bí a ti ń mú sùúrù. Ẹ jẹ́ kí n bá a lọ.”

N kò ní sọ bí a ti jẹun àti bí a ti rìn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, a dé ẹnu ọ̀gbun pupa. Ògiri àpáta dìde lọ́tùn-ún, ó dìde lósì, wọ́n ga débi pé ojú ọ̀run tó kù lókè kò fẹ̀ ju ọ̀já tí abiyamọ fi ń pọnmọ lọ. Àwòdì ń rà bàbà lókè, òjìji rẹ̀ kò dé ìsàlẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà gan-an, a rí ohun kan tí a pè ní àpáta títí ó fi la ojú. Ojú mẹ́ta ni: ọ̀kan ń wò wá, ọ̀kan ń wo òkè, ẹ̀kẹta ń sunkún. Koríko omi tó ti gbẹ ni irùngbọ̀n rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ti ògiri ọ̀tún, ó fi èkejì ti tòsì, bí ẹni tí ń dínà mọ́ olè.

Ó ní, “Ẹ̀yin ẹlẹ́ran ara, níbo lẹ forí lé?”

Mo ní, “Odò wa là ń wá. Yà lọ́nà kí n má baà fi ojú kẹrin kún mẹ́ta tí o ní.” Mo gbé ìbọn sókè. Láṣebìkan fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Abàmì náà kò tilẹ̀ wò mí. Ó ní, “Mo ní ilé kan. Ògiri rẹ̀ méjì, kò ní òrùlé, kò ní ẹ̀yìnkùlé. Àlejò kan ń gba inú rẹ̀ kọjá láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò jókòó rí. Kí ni ilé, ta ni àlejò?”

Láṣebìkan ní, “Bàbá, ọ̀gbun yìí ni ilé. Odò ni àlejò.”

Ó rẹ́rìn-ín, òkúta wẹẹrẹ ń já bọ́ láti ara ògiri. Ó ní, “O gbà á. Ṣùgbọ́n àlejò àná ti lọ. Ta ni àlejò òní?”

Láṣebìkan wo ẹsẹ̀ wa lórí òkúta gbígbẹ. Ó wá ní, “Àwa ni.”

“Ó dáa. Àlejò ilé mi kì í jókòó. Ẹni tó bá jókòó, ó ti di onílé nìyẹn, kò sì ní jáde mọ́. Ẹ máa lọ.” Ó gbé ọwọ́ kan kúrò lára ògiri, a gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá, ó ń rùn bí ìkòkò tí omi ti gbẹ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ tẹ́ ìdí sórí ẹní níwájú mi yìí, ẹ má rò pé ìjìyà kékeré ni. Ẹ rìn láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ lórí òkúta odò, òkúta tí ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀, kí ẹ sì fẹ̀yìn ti àpáta sùn ní ìdúró bí ẹṣin. Kí ilẹ̀ tó mọ́, orúnkún mi ti ń bá mi jà bí ayálégbé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni oorun fẹ́ gbé mi lulẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ni Láṣebìkan fi ìgúnpá gún mi ní ìhà.

A wọ ọ̀gbun kejì. Ká ní ọjọ́ ire ni, ǹ bá dúró wò ó títí ọjọ́ alẹ́ mi. Ìlà funfun, ìlà pupa, ìlà àwọ̀ ẹyin, wọ́n tò lára àpáta láti ìsàlẹ̀ dé òkè bí ẹni pé ahunṣọ kan ló fi gbogbo ayé rẹ̀ hun ún. Omi tí kò sí mọ́ ló gbẹ́ gbogbo rẹ̀. Mo ń wòkè, Láṣebìkan ní, “Wo ilẹ̀.” Mo wolẹ̀.

Àwọn ènìyàn jókòó nínú odò gbígbẹ náà. Wọ́n tò lọ́tùn-ún, wọ́n tò lósì, wọ́n fẹ̀yìn ti àpáta, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, gbogbo wọn kọjú sí ibi tí omi ti máa ń wá. Ara wọn funfun bí ẹ̀kọ tó sùn. Ètè wọn ti là. Àwọn tí Ọ̀wárá ti gbé lọ láti ìgbà tí ìlú wa ti wà ni. Odò ló ń bò wọ́n bí aṣọ, nígbà tí odò sì lọ, ìhòòhò ni wọ́n wà lójú ọ̀run. A ń kọjá láàárín wọn bí ẹni tí ń kọjá láàárín ọjà tí a kò ti ń ná nǹkan kan.

Ohùn kan ní, “Ọdẹ́jídé, ọmọ Àjíhún.”

Mo yí padà. Ìyá Bámgbàlà ni. Nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà, obìnrin yìí tẹ́ ọmọ rẹ̀ sábẹ́ igi létí odò kí ó lè pọnmi, odò sì gbé ìyá náà lọ. Ọjọ́ orí tó bá lọ náà ló ṣì wà lójú rẹ̀, èmi ni mo ti dàgbà jù ú lọ.

Mo ní, “Ẹ kú àtijọ́, Ìyá.”

“Ọmọ mi ńkọ́?”

“Ó wà. Bámgbàlà ti di bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin. Ewú ti ń yọ lórí rẹ̀.”

“Ta ló tọ́ ọ?”

“Ìyá mi ni.”

Ó mi orí. Kò sí omi lára rẹ̀ tí ì bá fi sunkún. Ó ní, “Òùngbẹ kò jẹ́ kí ohùn mi jáde dáadáa. Sún mọ́ mi. Jókòó díẹ̀, kí o sọ bí ojú rẹ̀ ti rí fún mi.”

Ẹ gbọ́, n kò gbàgbé èèwọ̀. Àánú ló tẹ̀ mí lórúnkún. Mo ti bẹ̀rẹ̀, ìdí mi ku ìka mẹ́rin kí ó kan òkúta, ni Láṣebìkan bá ki ìdí ìbọn rẹ̀ bọ abẹ́ mi, ó sì fi gbé mi sókè bí ẹni gbé ẹrù. Ó pariwo mọ́ mi, “Dúró sọ ọ́! Ṣé ẹnu rẹ wà ní ìdí ni?” Mo dúró sọ ọ́. Mo sọ imú Bámgbàlà, mo sọ ẹ̀rín rẹ̀, mo sọ bí ó ti máa ń fi ọwọ́ òsì jẹ obì. Títí di òní n kò mọ̀ bóyá ìfẹ́ ọmọ ló fi pè mí jókòó, tàbí ó ń wá ẹnìkejì tí yóò bá a jókòó níbẹ̀. Bóyá òun náà kò mọ̀.

Láṣebìkan bi í pé, “Ìyá, kí ló dá omi dúró?”

Ó ní, “Ẹ lọ bi ẹni tí ń pe orúkọ láràárọ̀ tí a kì í dá a lóhùn.”

Ọ̀gbun kẹta ṣókùnkùn lọ́sàn-án. Ó há débi pé ẹ̀gbẹ́ ni a fi ń rìn, àyà kan àpáta, ẹ̀yìn kan àpáta. A ń gbọ́ ìró kan níwájú, ìró ńlá tó rì sínú, bí ìgbà tí ẹgbẹ̀rún màlúù bá ń ké nínú ilé tí a tì. Nígbà tí ibẹ̀ fẹ̀, a rí òkúta pẹlẹbẹ kan láàárín ògiri méjèèjì, ó tóbi tó ilẹ̀kùn ààfin mẹ́wàá. Omi wà lẹ́yìn rẹ̀. Níwájú rẹ̀ ni arúgbó obìnrin kan jókòó sí. Ní ìjókòó, ó ga ju igi àràbà lọ. Irun rẹ̀ jẹ́ ewé inú omi, ó ti gbẹ, ó ń rẹ̀ sí i léjìká. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́. Ó na ọrùn, ó ké pe, “Ajíṣílẹ̀kùn o! Ajíṣílẹ̀kùn o!” Ó tẹ́tí. Kò sí ẹni tó dáhùn. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti gbọ́ tí kìnnìún ń bú, mo ti gbọ́ tí iwin ń ké, ṣùgbọ́n ohùn arúgbó tí ń pe ẹni tí kò ní í jẹ́ mọ́ ló wọ̀ mí lára jù.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ wa. Ojú rẹ̀ tàn. “Ṣé ìwọ nìyẹn?”

Láṣebìkan ní, “Rárá o, Ìyá. Ọmọ ènìyàn ni wá, láti Ìsàndà. Òùngbẹ ń pa wá.”

Ó ní, “Mo mọ̀. N kò bá yín jà. Èmi ni mo ni orísun, ṣùgbọ́n agbára mi kò ká ilẹ̀kùn mọ́. Ajíṣílẹ̀kùn àgbọ̀nrín mi, tí ara rẹ̀ kì í gbẹ, òun ló ń fi ẹ̀yìn gbé òkúta yìí sókè láràárọ̀. Òkúta a máa rọra sọ̀ kalẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi tún mọ́, àgbọ̀nrín yóò sì tún gbé e; bí a kò bá gbé e fún ọjọ́ mẹ́ta, yóò dí ọ̀nà omi pátápátá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó ní òun fẹ́ sáré lọ jẹ koríko ní ìsàlẹ̀ òkè. Kò padà. Ẹ̀yin ha rí i?”

Ẹ jẹ́ kí n mí.

Ọjọ́ mẹ́ta kí odò tó gbẹ, èmi àti Láṣebìkan wà ní ìsàlẹ̀ òkè yẹn kan náà. Àgbọ̀nrín kan yọ sí wa. Ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo ewé inú igbó, ṣùgbọ́n omi ń kán lára ẹran yìí tó tó tó. Láṣebìkan ní, “Má yìn ín. Ẹran tí ara rẹ̀ tutù nínú ọyẹ́, ó ní ẹni tó ni ín.” Mo yìn ín. Mo pín ẹran náà káàkiri àdúgbò, wọ́n kì mí, wọ́n sà mí. Láṣebìkan bá mi rù ú délé nítorí pé àna ni wá, kò fi kan ẹnu. Bí ẹ bá bi mí bóyá mo ti fura kí a tó gòkè, n ó sọ òtítọ́: mo ti fura. Ìfura yẹn ló gbé mi dìde níwájú ọba. Kì í ṣe ìgboyà.

Arúgbó náà gbóòórùn afẹ́fẹ́. Ó ní, “Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń rùn lára yín. Ẹni tó pa á ni yóò gba ipò rẹ̀. N kò fi ṣe ìyà, iṣẹ́ ni. Ta ni nínú yín?”

Mo la ẹnu. Ahọ́n mi sùn sínú rẹ̀ bí òkú ẹja. Mo rí ojú Àkànmú ọmọ mi. Mo rí ara mi lábẹ́ òkúta yẹn, ní òwúrọ̀, ní òwúrọ̀, títí ayé. Èmi akọni, èmi apẹkùn, mo dúró bí ère.

Láṣebìkan ní, “Èmi ni.”

“Ohùn rẹ kò jọ ti ẹni tó pa á.”

“Ìyá, ohùn ẹlòmíràn kì í jọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.”

Ó yí ojú fífọ́ rẹ̀ sí mi. Ó ní, “Ìwọ kejì, ṣé òótọ́ ló sọ?”

Mo ní, “Òótọ́ ni.”

Ọ̀rọ̀ méjì péré. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ ju iyanrìn lọ láyé mi, kò sí èyí tó wúwo tó méjì yẹn.

Láṣebìkan bọ́ àpò ọdẹ rẹ̀, ó fi kọ́ mi léjìká. Kò bínú. Ì bá bínú, ì bá sàn fún mi. Ó ní, “Ọmọ wà lẹ́yìn Àwẹ̀ró. Kò sí ẹni tí ń dúró dè mí nílé. Máa sá lọ. Omi kì í mọ àna.” Ó tẹ̀ba, ó ki èjìká bọ abẹ́ òkúta. Mo rí iṣan ọrùn rẹ̀ bí ó ti yọ. Òkúta mì. Ìlà omi kan tó funfun bí òwú yọ nísàlẹ̀.

Mo sá. Ẹ̀gbẹ́ ni mo fi sá nínú ọ̀gbun dúdú, awọ àyà mi kù sára àpáta. Nígbà tí mo dé ọ̀gbun kejì, omi ti ń bú lẹ́yìn mi. Àwọn òkú dìde dúró, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n na ọwọ́ sí i bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti ọjà dé. Omi gbá mi lẹ́sẹ̀, ó gbá mi nídìí, ọwọ́ kan sì di ọrùn ẹsẹ̀ mi mú. N kò wo ẹni tó ni ín. Mo ta á nípàá. Omi gbá mi dé ọ̀gbun pupa, mo rí gbòǹgbò ọ̀dán kan tó sọ̀ lára ògiri rẹ̀, mo rọ̀ mọ́ ọn, mo ń gùn ún lọ, omi ń gùn mí lẹ́yìn. Nígbà tí gbòǹgbò tán, tí ọwọ́ mi sì ń yọ̀, ìka méjì tó tóbi bí òpó ilé mú mi ní àyà. Olójú mẹ́ta ni. Ó gbé mi sí ọ̀kánkán ojú rẹ̀ tí ń sunkún.

Ó ní, “Ẹ̀yin méjì lẹ gòkè.”

Mo di àpò Láṣebìkan mú.

Ó ní, “Àlejò mi ti padà. Ìwọ, jáde nílé mi.” Ó sọ mí sórí òkè bí ẹni sọ egungun nù. Egungun ìhà mi méjì kán. Ẹ wá fọwọ́ kàn án bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́.

Odò dé ilé ṣáájú mi. Nígbà tí mo fi máa wọ Ìsàndà, àwọn ènìyàn wà nínú omi dé ọrùn, wọ́n ń fi orúkọ mi kọrin. Ọba fi mí joyè Olúọdẹ níbẹ̀. Wọ́n bi mí léèrè Láṣebìkan. Mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí àpáta. Gbogbo ìlú káàánú, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ orin.

Mo wọlé. Àkànmú ń mu ọmú, ọ̀fun rẹ̀ ń ró. Àwẹ̀ró kò gbójú sókè. Ó ní, “Bàbá Àkànmú, ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi kì í yọ̀.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. N kò mọ ìdí rẹ̀, bóyá nítorí pé àpò Láṣebìkan ṣì wà léjìká mi. Nígbà tí mo sọ tán, ó bi mí ní ẹyọ ìbéèrè kan. “Nígbà tí Ìyá náà kọjú sí yín, kí lẹ wí?”

“Mo ní òótọ́ ni.”

Ó gbé ọmọ sí èjìká kejì. Kò ké. Kò kó ẹrù rẹ̀. Ó bí ọmọ mẹ́ta sí i fún mi, ó se oúnjẹ mi, ó sì kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀ bí ọmọ tí a kọ́. Ṣùgbọ́n omi Ọ̀wárá kò kan ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Kànga ẹ̀yìn Òkè-Ọ̀dán ló ń lọ, ìrìn ìdajì ọjọ́, pẹ̀lú oyún, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, nígbà tó yá pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí òwúrọ̀ kan tí kì í lọ sí etí odò. Á tẹ̀ba, á ki ọwọ́ méjèèjì bọ omi, á ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o.” Á tẹ́tí díẹ̀. Á nu ọwọ́ sára ìró, á sì gbé agbè rẹ̀, á máa lọ sí kànga.

Ọdún mẹ́tàlélógójì ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà òjò tó kọjá yìí ni a sin ín. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ mi gbé mi dé bèbè. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́ tí yóò kí Láṣebìkan. Ó pẹ́ kí n tó lè tẹ̀ba, egungun mi kò fẹ́. Mo ki ọwọ́ bọ omi. Omi náà tutù. Mo fẹ́ ní kú iṣẹ́, kò jáde. Ohun tó jáde ni pé, “Láṣebìkan, èmi ni mo pa á.”

Odò ń ṣàn lọ. Ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé nìyí, n kò rí ibòmíràn gbé e lọ. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé yín, kí ẹ sì jẹ́ kí n jókòó síhìn-ín fúnra mi.